Ẹ máa wo déètì o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá kàwé ní UK

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé wọ́n ti pa PSW ni, ìyẹn físà tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti dúró ṣiṣẹ́ ní UK tó bá ti parí ẹ̀kọ́? Ìbéèrè tó kún WhatsApp mi nìyẹn. Wọn ò tíì pa á o, wọ́n gé e kúrú ni. Ọdún méjì ni wọ́n ń fún ẹni tó bá parí digirí tàbí masters láti dúró kó wáṣẹ́, àtìgbà tí wọ́n ti ṣí Graduate Route, orúkọ tí ìjọba ń pe PSW nìyẹn, ní July 2021 ló sì ti rí bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, ẹni tó bá kọ́wèé béèrè fún un láti ọjọ́ kìíní January 2027 lọ, oṣù 18 ló máa rí gbà. Àwọn PhD ní tiwọn ṣì wà lórí ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan tiwọn.

Àmọ́ òfin yẹn fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń bá èèyàn fínra jù, déètì tí wọ́n so mọ́ ọn ni. Kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa wò lórí èyí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́wèé béèrè fún Graduate Route yẹn gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá wọlé September 2025 fún masters ọlọ́dún kan, tẹ́ ẹ ṣe é parí lásìkò, tí yunifásítì yín sì ti fi tó Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba UK tó ń rí sí físà, létí pé ẹ ti yege, ẹ lè kọ́wèé kí 2026 tó parí kẹ́ ẹ sì gba ọdún méjì yín pé. Ẹni tó wọlé January 2026 fún ẹ̀kọ́ kan náà, yunifásítì kan náà, owó kan náà, ìgbà tó bá máa fi parí, géètì ti tì. Àwọn ájẹ́ńtì kan ò sì ní sọ ìyẹn fún yín, torí September ni o, January ni o, yunifásítì á ṣáà san kọmíṣọ̀n wọn.

Ti mímú ẹbí dání ńkọ́? Ọjọ́ míì ni wọ́n so ìyẹn mọ́. May 2023 ni Suella Braverman tó wà nípò mínísítà Home Office nígbà yẹn kéde ẹ̀, pé ẹ̀kọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní January 2024 lọ, ẹni tó bá wá ṣe masters inú kíláàsì ò lè mú ọkọ tàbí ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, àfi àwọn PhD àti masters tó jẹ́ ti ìwádìí, àti àwọn tó wá lórí sikọ́láṣíìpù ìjọba. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lòfin tìyẹn ń wò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní September 2023 fi lè ránṣẹ́ pe ìyàwó ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì fún un.

Ẹ wá rántí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní June 2023. CBN tú náírà sílẹ̀, bó ṣe já wálẹ̀ nìyẹn, ẹni tó ti kó owó ẹ̀ jọ tán fún September bá tún rí i pé owó ò pé mọ́. Ọ̀pọ̀ ló ní kí yunifásítì báwọn sún un sí January 2024. Sísún yẹn ló gba ìyàwó àtọmọ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn la jọ ń gbé ilé kan, tíṣà ni ní Òṣogbo tẹ́lẹ̀. Tó bá ń dáná lálẹ́, á gbé fóònù ẹ̀ ti agolo iyọ̀, ọmọbìnrin ẹ̀ á máa ka homework sókè látọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, tí bàbá ẹ̀ bá yíjú sí ìkòkò báyìí ọmọ á ní "Dádì, ẹ ò wo ibí!" Nígbà òtútù wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣíwájú wa, torí náà ó gbọ́dọ̀ tètè dáná kí ọmọ tó sùn. Ọkùnrin yẹn ò ṣẹ̀ sófin kankan o.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, ìyẹn sì gùn. Owó físà akẹ́kọ̀ọ́ £363 ni tẹ́lẹ̀, ó di £490 ní October 2023, ó tún di £524 ní April 2025. Owó ìlera IHS tó jẹ́ £470 lọ́dún kan di £776 ní February 2024, masters ọlọ́dún kan sì máa ń gba ọdún kan àtààbọ̀ ẹ̀, ìyẹn £1,164, ẹ ò tíì wọ bàálù o. Èyí tẹ́ ẹ máa fi hàn pé ẹ ní lọ́wọ́ láti jẹun náà ti gòkè láti November 2025: £1,529 lóṣù tó bá jẹ́ London, £1,171 tó bá jẹ́ ìta London, ti oṣù mẹ́sàn-án lẹ sì máa fi hàn.

Owó yẹn gbọ́dọ̀ jókòó sí àkáǹtì fún ọjọ́ 28 láìdín kọ́bọ̀. Àkáǹtì yín tàbí ti òbí yín ni o. Bùọ̀dá bàbá yín tó tọ́ yín dàgbà, tó jẹ́ pé òun lẹ mọ̀ sí dádì, owó wọn ò wúlò níbẹ̀ tí kì í bá ṣe pé òfin mọ̀ wọ́n ní alágbàtọ́ yín, àfi kí wọ́n gbé e wá sí àkáǹtì yín kó wá bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 28 tiẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò mi ń ṣe tiẹ̀ lọ́wọ́ n'Ìbàdàn báyìí, àkáǹtì màámi ni wọ́n lò, màámi ti gbé ATM wọn fún un pé kó bá àwọn tọ́jú ẹ̀, aṣọ ẹbí dé láàárín ìgbà yẹn, àwìn ni wọ́n rà á. Wọ́n gbọ́n. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí ni pé náírà lowó yẹn, iye tí OANDA, ìkànnì tó ń sọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó, bá sì gbé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́wèé ni Home Office máa fi ṣẹ́ ẹ. Owó lè pé lónìí kó má pé mọ́ tọ́jọ́ 28 bá fi pé. Báńkì náà á tún wá yọ owó SMS. Mo ní kí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá lé e ó kéré tán, a ti ń bá ẹ̀gbọ́n wa obìnrin sọ ọ́.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ òfin tuntun, ẹ má kọ́kọ́ pariwo. Ẹ lọ sórí gov.uk, ẹ wo bóyá ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́wèé ló ń kà ni tàbí ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó san dìpọ́sìtì kankan. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sún un síwájú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kì í ṣe inú òfin míì lẹ ń sún ara yín sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti ìsìnyí lọ, ẹ ka oṣù 18 yẹn sí tiyín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ sórí físà iṣẹ́ látibẹ̀, ẹni tó máa gbà yín gbọ́dọ̀ lè san £33,400 lọ́dún ó kéré tán, iye tí wọ́n ń lò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn látìgbà tí wọ́n tún un ṣe ní July 2025, iye tó pọ̀ jùyẹn ni iṣẹ́ míì sì máa bi yín. Iṣẹ́ tó ń san bẹ́ẹ̀ wà, àmọ́ kì í ṣe wéáháùsì. Tó bá jẹ́ owó èlé lẹ fẹ́ yá, tẹ́ ẹ sì ti ṣírò ẹ̀ pé ọdún méjì lẹ máa fi san án, ẹ tún un ṣírò.