Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ géèmù kí ẹ tó fi í sí iná

Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ géèmù kan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi ní Kétu, ó sì gba èbúté Kútọnù wọlé. Ẹsẹ̀ méjì pẹlẹbẹ ni wáyà rẹ̀ ní, bẹ́ẹ̀ ihò róbótó ni prise ara ògiri wa ní, nítorí náà mo ra ohun kékeré tí wọ́n fi ń so ọ̀kan mọ́ èkejì lọ́jà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bí mo ti fi í sí iná ni ó dún pàù, òórùn ohun tó jó gba gbogbo yàrá, àwọn ọmọ tí wọ́n ti jókòó dè é láti òwúrọ̀ sì bú sẹ́kún. Ó dùn mí wọnú eegun, nítorí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ẹ̀bùn wọn jẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún rédíò ṣe nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ni ó tú u fún mi wò. Ó tọ́ka sí agolo kékeré kan tí orí rẹ̀ ti wú tí ó sì ti ya, ó ní, "Bàbá, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i." Mo tẹjú mọ́ ọn, mo rí 200V. Kàpásítọ̀, ohun tí ń kó iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, ni agolo náà. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí ẹ̀rọ bá sọ iná Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ 120 volt, di iná tí ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo, yóò ga dé nǹkan bí 170 volt, èyí tí agolo náà lè gbà. Ṣùgbọ́n 220 volt tiwa ní Benin níhìn-ín yóò ga dé nǹkan bí 311. Ohun tí mo rà lọ́jà kàn yí ìrísí ẹsẹ̀ wáyà padà ni, kò dín agbára iná kù rárá. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe tú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fúnra mi, nítorí pé iná lè ṣì wà nínú agolo yẹn lẹ́yìn tí a ti fa wáyà yọ.

Láti ọjọ́ náà, ibi tí wọ́n kọ INPUT sí, ìyẹn iná tí ẹ̀rọ lè gbà wọlé, ni mo ń kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá rí 100-240V níbẹ̀, bí ó ti wà lára PlayStation 4 àti ṣájà Nintendo Switch, ẹsẹ̀ wáyà nìkan ni ẹ óò wá nǹkan ṣe sí. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, tàbí 100V lára èyí tí ó ti Jàpáànù wá, ẹ má fi í sí iná wa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ tí àpótí iná rẹ̀, ìyẹn ohun tí ń sọ iná ògiri di èyí tí ẹ̀rọ lè lò, wà lóde kò ṣòro: ẹ lè ra àpótí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, bí ti Wii, nítorí pé 12 volt kan náà ni ó ń gbé dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Kí volt tí ó ń jáde bá ara mu, kí ampere rẹ̀ má sì dín sí ti àtijọ́.

Èyí tí àpótí iná rẹ̀ wà nínú, bíi tiwa, ni ó nílò tìráńsífọ́mà tí ń sọ 220 di 110. Lára tiwa, wọ́n kọ 120V àti 1.5A, èyí tí ó jẹ́ 180 watt, nítorí náà oní-300 ni mo rà kí ó má baà máa làágùn. Ẹ má ra ẹ̀rọ fúyẹ́ tí ń dín iná kù, tí wọ́n ń tà fún ohun tí a fi ń gbẹ irun, bí wọ́n tilẹ̀ kọ 1600 watt sí i; kò wà fún ohun ẹlẹgẹ́ bí èyí. Ojúlówó tìráńsífọ́mà máa ń wúwo, irin àti wáyà bàbà ni ó kún inú rẹ̀. Tiwa wúwo bí ọmọ ọlọ, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni ó wà, mo sì máa ń fà á yọ ní prise nígbà tí àwọn ọmọ bá ṣeré tán, nítorí pé ó ń gbóná bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ti kú.