Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ ìkọ̀wé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ mi obìnrin bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan fún yín.

Wọ́n fún un níṣẹ́ àṣetiléwá pé kó kọ nípa ìgbà tó wà ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó tì í, ó ní òun ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, pé inú búlọ́ọ̀gù Mọ́mì, ìwé ìrántí tí mo máa ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lòun ti rí gbogbo rẹ̀ kọ. Ló bá ṣí i lórí fóònù, ó kà á sókè: ní ọdún 2009, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, ó dìde lórí ibùsùn lóru, ó lọ sójú fèrèsé, ó nàka sí òṣùpá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi pa á, mo fẹ́ sùn." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, àbúrò rẹ̀ yíjú sí mi: "Èmi ńkọ́, Mọ́mì? Kí lèmi sọ?"

N kò rí nǹkan kan sọ. Mo mọ̀ pé ó sọ nǹkan, torí ó lẹ́nu ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ nígbà tó wà ní ọjọ́ orí yẹn. Fọ́tò rẹ̀ tó wà lórí fóònù mi lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Mo ṣí i, mo ń wá. Ẹ̀rín ló wà lójú rẹ̀ nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Ọdún 2013 la bí i. Ọdún 2012 ni mo ti pa búlọ́ọ̀gù tì.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ìwé kíkọ jẹun: ìròyìn iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá máa kà níbi ìpàdé, ìwé pẹlẹbẹ, ọ̀rọ̀ orí ìkànnì àwọn ilé-iṣẹ́. Mo ń kọ ti oníkálùkù, ti ilé mi ò sí lákọsílẹ̀. Ó dùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣì ń dùn mí. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sí yín nìyẹn, torí pé ọwọ́ yín ṣì lè tó tiyín kó tó bọ́.

Ẹ má rò pé mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo pinnu pé n kò ní kọ mọ́. Ńṣe ló yọ́ lọ. Orí Blogger ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ìkànnì tí èèyàn ti lè ní búlọ́ọ̀gù tirẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, tí Google sì rà ní 2003. Ọ̀rọ̀ náà "blog" kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn: ará Amẹ́ríkà kan, Jorn Barger, ló pe ìkànnì tirẹ̀ ní "weblog" ní oṣù kejìlá ọdún 1997, ará Amẹ́ríkà mìíràn, Peter Merholz, ló gé e kúrú ní 1999. Àwọn èèyàn sì ti ń kọ nípa ayé ara wọn síta kí orúkọ náà tó dé. Justin Hall ti ń ṣe é láti 1994, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ìrántí ni búlọ́ọ̀gù, tí èèyàn kọ, tó fi déètì sí, tó wá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, mo gbé ọ̀rọ̀ mi lọ sí Facebook. Àwọn ẹbí wà níbẹ̀, wọ́n á sì fèsì kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Mo rò pé mo ṣì ń kọ̀wé. Àmọ́ ohun tí yóò mú kí wọ́n kí mi ni mo ń kọ, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ rántí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìtàn di gbólóhùn kan, gbólóhùn di fọ́tò, nígbà tó ṣe, n kò kọ nǹkan kan sábẹ́ fọ́tò náà mọ́. Nígbà tí wọ́n pa Google Reader, ibi tí àwọn èèyàn ti ń ka búlọ́ọ̀gù oríṣiríṣi lójú kan, rẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2013, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi RSS, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ tuntun fi ń dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé fúnra rẹ̀, tẹ̀ lé búlọ́ọ̀gù fọ́n ká, kò tilẹ̀ kàn mí. Ilẹ̀kùn tèmi ti wà ní títì.

Alẹ́ ọjọ́ àṣetiléwá yẹn, ní 2023, ni mo padà, mo sì kọ́kọ́ ṣe é bí ẹni tó fẹ́ san gbèsè. Mo ní màá kọ gbogbo ọdún tó ti lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ ojú ìwé méjì nípa ọjọ́ tí a bí ọmọbìnrin mi. Nígbà tí mo kà á, ó dà bí ìròyìn iṣẹ́ tí mo ń kọ fún ọ̀gá: gbogbo rẹ̀ pé, kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá a jìjàkadì kí n tó gbà pé ohun tó lọ ti lọ. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Kò síbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá a mu tó inú ilé tí ọmọ wà. Ọmọ tó ń ṣi nǹkan pè lónìí lè pè é dáadáa lọ́la, kò sì ní padà sí ti tẹ́lẹ̀ láéláé. Ẹ ò ní mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn lẹ ń gbọ́ yẹn.

Nítorí náà, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo máa ń kọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, nínú ọkọ̀, nígbà tí mo bá ń dúró de ọmọbìnrin mi níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ti gbìyànjú ìdájí, kò ṣeé ṣe. Mo gbìyànjú alẹ́, oorun ló ń gbé mi lọ. Ẹ má wulẹ̀ wá àkókò tuntun, kò sí. Àkókò tí ẹ ti ń fi dúró de nǹkan tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ lò.

Ohun tí ẹ ó kọ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí mo padà ka àwọn àkọsílẹ̀ mi àtijọ́, mo bá ọ̀kan ní oṣù kẹrin ọdún 2010 tó kà báyìí: "A gbádùn ọjọ́ òní gan-an ni. Inú gbogbo wa dùn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Títí di òní olónìí, n kò mọ ohun tí a ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo bi bàbá wọn, àwọn náà ò mọ̀. Ayọ̀ náà wà lákọsílẹ̀, ohun tó fà á ti sọnù. Ọjọ́ kejì rẹ̀, bóyá torí pé ó rẹ̀ mí, gbólóhùn mẹ́ta péré ni mo kọ, nípa bàtà: pé ọmọkùnrin wa kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní bọ́ bàtà tuntun, ó wọ̀ ọ́ sùn, bàbá rẹ̀ sì lo ìdajì wákàtí lábẹ́ aṣọ ìbora, wọ́n ń tú okùn rẹ̀ kí ọmọ má baà jí. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ bàtà yẹn, gbogbo yàrá náà padà wá bá mi: àwọ̀ aṣọ ìbora, bí bàbá wọn ṣe di èémí mú, bí mo ṣe fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Láti ìgbà náà, ohun méjì ni mo ń wá lójoojúmọ́, ohun kan tí mo gbọ́ àti ohun kan tí mo fojú rí. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, bó ṣe pè é ni kí ẹ kọ ọ́, ẹ má tún un ṣe. Bí inú ń bí ẹnì kan nínú ilé, ẹ kọ ohun tó fọwọ́ ṣe. Ẹ kọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ẹ kọ ọjọ́ orí ọmọ, torí ẹ máa gbàgbé, ẹ gbà mí gbọ́. Bí ẹ bá fi fọ́tò sí i, ẹ sọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ kí ẹ tó yà á. Gbólóhùn mẹ́rin ti tó.

Wàyí o, ẹyin lohùn. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ló ká mi lára jù. Lẹ́yìn tí mo ṣí búlọ́ọ̀gù padà, ọmọkùnrin mi bá àkọsílẹ̀ kan pàdé, ti 2011, níbi tí mo ti kọ nípa bó ṣe ń tọ̀ sórí ibùsùn. Ìyá tó rẹ̀, tó ń wá ìmọ̀ràn, ló kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílé-ìwé ló kọ́kọ́ rí i, tó sì fi hàn án. Ọjọ́ méjì gbáko, ó kí mi láàárọ̀, ó kí mi lálẹ́, kò sọ̀rọ̀ mìíràn. Lọ́jọ́ kẹta mo kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní àṣírí rẹ̀ ni, mo sọ ọ́ síta láìbi í. A jókòó pọ̀, a ka gbogbo ibi tí mo ti kọ nípa rẹ̀. Ó ní kí n yọ méjìlá kúrò, mo yọ wọ́n lójú rẹ̀. Ti òṣùpá, ó ní kí n fi sílẹ̀.

Kì í ṣe ilé mi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilẹ̀ Faransé gbé òfin kan jáde tó ní kí òbí méjèèjì jọ máa dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọ lórí àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì máa gbọ́ ti ọmọ náà bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe mọ. Ẹ̀yin ẹ má dúró de òfin. Nílé wa báyìí, ọmọ tó bá ti mọ̀wé kà ló ń kọ́kọ́ ka ohun tí mo kọ nípa rẹ̀. Orúkọ gidi ò sí níbẹ̀, orúkọ ilé-ìwé ò sí, ojú ò sì hàn nínú fọ́tò. Àìsàn, máàkì ìdánwò, ìyà tí wọ́n jẹ, èyíinì ò lọ síta.

Àmọ́ mo ń kọ wọ́n o, sínú ìwé kan tí mo ń fọwọ́ kọ, tí mo ń tì pa sínú dúrọ́ọ̀. Ní 1986, James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti Sandra Beall tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú 15 kọ̀wé lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìbànújẹ́ bá àwọn tó kọ ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ sí wọn pẹ̀lú bó ṣe rí lára wọn ní kété tí wọ́n kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ní oṣù díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn kì í sábà lọ rí dókítà tó àwọn yòókù. Nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn, bó ṣe rí fún mi náà nìyẹn: mo máa ń sunkún lé ìwé náà lórí, mo sì máa ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní ka ìwé yẹn. Kì í ṣe gbogbo ohun tó yẹ ní kíkọ ló yẹ ní títẹ̀ jáde.

Nípa ibi tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí, ọ̀rọ̀ mi ò gùn, ṣùgbọ́n ẹ má fojú fò ó. Ilé onílé lọ̀pọ̀ ibi tí a ń kó ọ̀rọ̀ wa sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yahoo pa GeoCities, ibi tí èèyàn ti lè ṣe ìkànnì tirẹ̀, rẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, Posterous, ibi tí wọ́n ti ń kọ búlọ́ọ̀gù, náà kógbá sílé ní oṣù kẹrin ọdún 2013. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà: wọ́n ti ibi kan tí mo ń kó fọ́tò sí pa, ìkìlọ̀ wọn sì lọ sí ímeèlì tí n kò lò mọ́. Fọ́tò ọdún méjì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ ló ṣẹ́kù, torí ibòmíràn ló wà. Blogger àti WordPress, ibòmíràn tí wọ́n ti ń kọ búlọ́ọ̀gù, gbà yín láyè láti kó gbogbo àkọsílẹ̀ yín jáde sínú fáìlì. Ẹ máa kó o jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ fi pamọ́ sí ibi méjì. Bí agbára yín bá ká a, ẹ gba orúkọ ìkànnì tiyín, kí àdírẹ́sì yín má baà yí padà bí ẹ bá kó kúrò níbì kan. Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojúewé àtijọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2001, bá mi rí ojúewé mẹ́fà tí mo ti rò pé ó sọnù, àmọ́ kì í mú ohun gbogbo. Lópin ọdún, mo máa ń tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà, mo sì máa ń dì í pọ̀. Èyí tó wà lórí bébà yẹn ni ìyá mi ń kà, ojú wọn ò gba ti fóònù mọ́.

Ẹ má ṣe ka iye èèyàn tó wá wò ó. Tèmi ò ju mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ díẹ̀ lọ, àwọn tí mo ń kọ ọ́ fún gan-an sì ṣì ń dàgbà lọ́wọ́.

Lánàá, mo kọ nípa ìjà tí ọmọbìnrin mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ẹni tó máa jókòó síwájú nínú ọkọ̀. Mo gbé fóònù fún un kó kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fi ìka sí ìlà kejì, níbi tí mo ti kọ pé ó ń sunkún. "Mọ́mì, mi ò sunkún o. Ìbínú ló mú ojú mi ṣomi." Mo pa "sunkún" rẹ́, mo kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, mo fi déètì sí i. Ó dúró tì mí títí mo fi tẹ bọ́tìnnì tó gbé e jáde, kó tó lọ sùn.