Ilé Wà ní Èkó, Onílé Wà ní Àbújá: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi, pàápàá ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ọba ní Àbújá níbí, tí ẹ kọ́ ilé tàbí tí ẹ jogún ilé sí Èkó, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń gbé wá bá mi láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé mi ní Ìkòròdú ti dé etí yín: ta ni kí a fi ilé wa sí ìkáwọ́ rẹ̀? Bí mo bá sì bi yín pé ta ni ẹ ní lọ́kàn, ìdáhùn yín kì í yàtọ̀: ẹ̀gbọ́n kan láti ìlú wa, arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkọ àǹtí mi tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí. Ìdáhùn yìí gan-an ni ó mú mi kọ̀wé, nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó fi ilé tèmi jẹun.

Mo gbà pé ẹ ti mọ ohun tí gbogbo onílé mọ̀: pé ìwé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, pé owó Land Use Charge, ìyẹn owó orí ilé tí ìjọba Èkó ń gbà, kò ṣeé fi falẹ̀, pé ó yẹ kí a wádìí ayálégbé dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. N kò ní tún wọn sọ. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú: owó, ìwé, àti ojú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Fúláàtì mẹ́rin ni ilé náà, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ọmọ ìlú wa ni mo fi ṣe kiatékà, àgbà nínú ìjọ, ẹni tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n, tí mo sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí nígbàkígbà tí mo bá dé Èkó. Òun ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, tí ó ń yọ owó àtúnṣe kúrò níbẹ̀, tí ó sì ń fi èyí tó bá kù ránṣẹ́ sí mi. Fún ọdún bíi mélòó kan, kò sí ìjà, kò sí ìta. Nígbà tí ayálégbé kan nísàlẹ̀ kó jáde, ẹ̀gbọ́n pè mí pé fúláàtì náà kò rẹ́ni gbà á, pé àwọn tó ń wá wò ó ń sọ pé omi òjò máa ń dúró ládùúgbò, pé kí n ní sùúrù. Mo ní sùúrù. Mo tún fi owó ọ̀dà ránṣẹ́ kí wọ́n kun inú ilé náà, kí ó lè fa ojú ẹni tó bá wá wò ó mọ́ra.

Ní ọjọ́ kan, páìpù táǹkì omi bẹ́, obìnrin tó ń gbé lókè sì fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n lè rí bí omi ṣe ń ya wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bí ó ti ń gbé fóònù náà sọ̀kalẹ̀ kí ó lè fi ibi tí omi ń gbà hàn mí, ó kọjá lójú fèrèsé fúláàtì tí wọ́n ní ó ṣófo. Kọ́tìnnì tuntun wà níbẹ̀. Wọ́n ta okùn láti òpó kan sí èkejì, aṣọ ọmọ jòjòló kún orí rẹ̀, ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù sì fara ti ògiri. Mo dá fídíò náà padà sẹ́yìn, mo tún un wò. Ilé òfìfo kì í sá aṣọ ọmọ. Nígbà tí mo pe obìnrin náà, ẹnu yà á pé mo ń béèrè. Ó ní, “Ẹ̀yin ò mọ̀ wọ́n ni, sà? Ìyàwó wọn ti bímọ síbẹ̀ o.”

Mo wọkọ̀ lọ sí Èkó. Bàbá ọmọ náà kò bá mi jà rárá. Ó wọ yàrá lọ, ó mú àpò nílọ́ọ̀nù kan jáde, ó sì to ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan: rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, àti ìwé àdéhùn tí ẹnìkan ti buwọ́ lù dípò mi, tí ìbuwọ́lùwé náà kò sì jọ tèmi níbì kankan. Owó ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kò gbà kí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Agbẹjọ́rò tí mo lọ bá là á yé mi pé ẹni tí onílé bá ti ń lò láti máa gba owó ilé, aṣojú onílé ni òfin yìí kà á sí. Nítorí náà, owó tí ọmọkùnrin yẹn san fún ẹ̀gbọ́n, èmi ni ó san án fún. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá fi tipátipá lé wọn, tàbí mo halẹ̀ mọ́ wọn, tàbí mo ba ilé jẹ́ kí wọ́n lè kó jáde, mo lè san owó ìtanràn tó tó 250,000 náírà tàbí kí n ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. N kò bá òfin náà jà. Ẹni tó sanwó, tó gba rìsíìtì, tó sì ń tọ́ ọmọ tuntun, kò ṣẹ̀ mí. Wọ́n lo ọdún wọn pé, èmi kò sì rí kọ́bọ̀.

Ohun tó ń dùn mí títí di òní kì í ṣe owó nìkan. Bí mo ṣe ní mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí, fóònù mi kò sinmi mọ́. Àwọn àgbà ìlú pè, àwọn àgbà ìjọ pè, wọ́n ní kí n fi ṣe ti Ọlọ́run, wọ́n ní orúkọ ìlú ni yóò bàjẹ́, wọ́n ní ọkùnrin náà ní àwọn ọmọ. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó béèrè bí mo ṣe san owó ilé ìwé àwọn ọmọ tèmi ní ọdún náà, kò sì sí ẹni tó sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí ó mú ìdajì wá. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àwọn tó ń rọ̀ yín pé kí ẹ fún ọmọ ìlú yín níṣẹ́ ni yóò tún padà wá rọ̀ yín pé kí ẹ má mú un, ìgbà méjèèjì náà ni wọn yóò sì máa fi àpò yín ṣàánú. Ẹ ṣàánú bí ẹ bá fẹ́. Ẹ fún ẹni tí kò níṣẹ́ lówó, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi owó ilé gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ì báà ṣe fún ọjọ́ kan.

Ní ilé mi báyìí, àkáùǹtì mi ni gbogbo ayálégbé ń san owó sí, èmi fúnra mi ni mò ń kọ rìsíìtì, tí mo ń kọ ọjọ́, orúkọ àwa méjèèjì, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí owó náà dúró fún sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà fóònù mi gàdàgbà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kí ẹni tó bá ń wá ilé lè pè mí kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń bá mi mójú tó ilé ń gba owó oṣù, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú owó ilé. Bí púlọ́ńbà bá ṣiṣẹ́, mo rí fídíò ṣáájú àti lẹ́yìn, mo sì sanwó fún púlọ́ńbà náà fúnra rẹ̀.

Ní ti ìwé, ọ̀kan nínú yín ti fara gbá a lẹ́nu àìpẹ́ yìí, n kò sì fẹ́ kí ó tún ṣe ẹlòmíràn. Ayálégbé rẹ̀ jẹ gbèsè, onílé náà sì ní kí àbúrò òun tó wà ní Ṣómólú buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi ní kí ayálégbé náà kó jáde. Wọ́n dúró fún oṣù mẹ́fà tí òfin là sílẹ̀ fún ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, wọ́n fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje tó tẹ̀lé e, èyí tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí ilé ẹjọ́ láti gba ilé òun, wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì da ẹjọ́ náà nù, nítorí pé àbúrò yìí kì í ṣe ẹni tó ń gba owó ilé tẹ́lẹ̀, kò sì sí ìwé kankan tí onílé fi yàn án. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ìwé àṣẹ fún ẹni tó ń ṣojú yín lónìí, kí ọjọ́ ara rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìwé-kó-jáde èyíkéyìí tó bá máa buwọ́ lù. Ẹ kọ ohun tó lè ṣe sínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ní kedere pé kò gbọ́dọ̀ gba owó, kò sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu àdéhùn. Ẹ fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan. Bí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ ara ilẹ̀kùn ẹni tí kò fẹ́ gbà á, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì ṣeé bá sọ, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Wọn kì í gba owó ìlàjà.

Ó ku ojú. Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń lọ wo ilé ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí ayálégbé ti rìnrìn àjò ọdún, tí kò sí ohun tí ẹ lè rí ju ọ̀dà lọ. Oṣù Kẹfà ni kí ẹ lọ, nígbà tí òjò Èkó bá ń rọ̀ gan-an, kí ẹ kan ilẹ̀kùn fúláàtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọ inú balùwẹ̀ àti kíṣìnnì wọn, kí ẹ wo àjà, kí ẹ sì béèrè orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ bá bá nínú ilé.