Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Lynch: sí ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń lọ gbohùn àwọn àgbà sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan nínú yín fi ìwé ìbéèrè tó fẹ́ gbé lọ sáwọn ìlú awakùsà ní Appalachia, agbègbè olókè ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ sí mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó sì wà níbẹ̀ ni pé báwo ni ìṣẹ́ ṣe bá yín fínra nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé. Inú bí mi gan-an. Kì í ṣe ọmọ tó kọ ọ́ ló bí mi nínú o, àwọn tó ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ni, torí irú ẹ̀ náà ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ ń lọ sí Lynch. Ní báyìí tí mo ti gba oyè dókítà mi, tí àwọn ọmọ sì ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, ẹ jẹ́ n sọ tèmi, màá tò ó ní kíní kejì kó lè yé yín. Ti rẹ̀kọ́ọ̀dà àti bátìrì, ẹ wò ó lórí YouTube.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ìlú kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Harlan County ni Lynch wà, ní Kentucky, lẹ́sẹ̀ Black Mountain tó ga ju gbogbo òkè ìpínlẹ̀ yẹn lọ. Ilé iṣẹ́ irin U.S. Steel ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1917 torí kóòlù tí wọ́n fi ń rọ irin. Àwọn ló ni ilé, àwọn ló ni ṣọ́ọ̀bù, àwọn ló ni ọsibítù. Nígbà tí iṣẹ́ dùn, bí 10,000 èèyàn ló ń gbébẹ̀, àwọn ará Hungary, ará Ítálì, àti àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n kó wá láti Alabama. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, U.S. Steel ta tiẹ̀ ní 1984 ó bá ọ̀nà ẹ̀ lọ, nígbà tí wọ́n sì ka èèyàn ní 2020, àwọn tó kù ò pé 700. Àmọ́ ẹ dé ibẹ̀ nígbà Memorial Day, ìsinmi oṣù May tí wọ́n fi ń rántí àwọn ológun tó kú, kẹ́ ẹ wá rí i. Mọ́tò á máa wọlé láti Cleveland, láti Detroit, àwọn ọmọ awakùsà dúdú ń wálé bí tiwa ṣe máa ń wálé iléyá, wọ́n á kóra jọ síbi ilé ìwé ọmọ dúdú àtijọ́ tí wọ́n tì ní 1963 nígbà tí wọ́n da ọmọ dúdú àti ọmọ funfun pọ̀. Ẹ má pe ibẹ̀ ní ìlú tó ti kú níwájú wọn. Ẹ má tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé yín.

Ìkejì, ẹ mọ ìdí tí wọn ò fi ń tètè lanu. Látìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti láwọn ń bá ìṣẹ́ jagun láàárín ọdún 1960 sí 1970 làwọn oníkámẹ́rà ti ń ya wọlé, wọ́n á ya ọmọ tí ò wọ bàtà, wọ́n á lọ. Ní 1967, ní Letcher County tó bá Harlan pààlà, Hobart Ison yìnbọn pa Hugh O'Connor, ará Kánádà tó wá ya fíìmù àwọn tó háyà ilé lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò gbè fún apààyàn o, ẹ̀mí kì í ṣe nǹkan ìpa. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀ láìmọ ìtàn yẹn, kó padà sílé.

Ìkẹta, ẹ fún wọn ní tiwọn kẹ́ ẹ tó kúrò lójú ilé wọn. Ibi tó dùn mí jù rèé, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Bàbá kan wà tí wọ́n ní ká lọ bá. Abẹ́ ilẹ̀ ni bàbá yìí ti lo gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ ẹ̀, eruku kóòlù sì ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ débi pé ọ́síjìn ló fi ń mí. Òfin tó fún wọn lówó gbà-má-bínú fún àìsàn yẹn, 1969 ló dé, lẹ́yìn tí 78 awakùsà ti kú nínú ìbúgbàù ní Farmington, ìpínlẹ̀ West Virginia, lọ́dún tó ṣáájú. Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè inú ìwé, bàbá ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí táàgì idẹ kan tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, nọ́ńbà wà lára ẹ̀, mo ní bàbá ẹ jọ̀ọ́ kí lèyí. Ojú ẹ̀ là! Ó ní kí awakùsà tó wọlẹ̀, á gba àtùpà, á sì fi táàgì ẹ̀ kọ́ sójú pátákó, pé tí òrùlé ihò bá já, nọ́ńbà tó bá ṣì wà níbẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ó sọ ti owó tí ilé iṣẹ́ ń rọ fúnra ẹ̀ fún bàbá tiẹ̀, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ti lè ná an. Ó sọ ti ìyá ẹ̀ tó máa ń fọ aṣọ, tí eruku á bà á lórí okùn, tí á tún un fọ̀. Ó ní nínú ihò, ojú gbogbo wọn ló dúdú bákan náà, tí wọ́n bá jáde, kálukú gba àdúgbò tiẹ̀ lọ, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Ó wá bi mí bóyá wọ́n ń wa kóòlù nílùú tèmi náà, mo sọ ti Enugu fún un, ti Iva Valley ní 1949 tí ọlọ́pàá òyìnbó yìnbọn pa 21 awakùsà. Ló bá sọ ohun tí bàbá ẹ̀ sọ fún un nípa ìjà Evarts ní 1931, táwọn awakùsà àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ kóòlù yìnbọn síra wọn ní Harlan County. Nígbà tó yá ó dá orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, á pe ìlà kan, á dúró mí, á wá gbé e. Orin yẹn gùn, kò sì jẹ́ ká bá òun dá a dúró.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo ti ní ká da ohùn yẹn kọ fún ìdílé ẹ̀. Ọ́fíìsì tó rán wa níṣẹ́ ní rárá, fọ́ọ̀mù tí bàbá sáìnì ti fún àwọn ní gbogbo ẹ̀, ó di ìgbà tí kọmítì bá jókòó. Mo kọ̀wé, mo tún kọ̀wé, ọ̀gá ní mo ń ṣe ju ara mi lọ. Bàbá kú nígbà òtútù. Ọmọ ẹ̀ obìnrin pè mí pé orin yẹn làwọn fẹ́ gbọ́ níbi ìsìnkú, ọ́fíìsì ní kó wá gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n sin bàbá láìsí orin. Kò pẹ́ sígbà náà ni hard drive tí wọ́n kó o sí bàjẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo, wọn ò ní òmíràn. Ohun tó kù ni ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde látinú ohùn yẹn, ibi tí bàbá ti ń kọrin, ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé ohùn ò ketekete. Títí dòní, kò sẹ́ni tó bẹ ọmọ yẹn.

Ẹ wò ó, kóòlù ti kúrò níbẹ̀, owó tó wà lórí ẹ̀ bá a lọ, èémí àwọn bàbá bá a lọ, ẹ wá lọ kó ohùn wọn náà? Ní 2019 tí Blackjewel, ilé iṣẹ́ tó ń wa kóòlù, wọ gbèsè, tí sọ̀wédowó àwọn awakùsà ò sì wọlé mọ́, ní Cumberland tí ò jìnnà sí Lynch rárá, ṣe ni wọ́n lọ jókòó sójú irin rélùwéè, wọ́n ní kóòlù tí wọ́n wà ò ní lọ síbì kankan tí owó àwọn ò bá wá. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun témi náà ń ṣe nìyẹn báyìí, fíláàṣì tí ohùn wà nínú ẹ̀ á wà lọ́wọ́ ìdílé kí n tó wọ mọ́tò, kò sẹ́ni tó lè yí mi padà lórí ẹ̀, orúkọ wọn á sì wà nínú fọ́ọ̀mù pé àwọn náà ló ni ín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pẹ́ jù lórí ìjókòó o, ẹni tó ń fi ọ́síjìn mí ò lè sọ̀rọ̀ títí. Tí ọ̀gá yín bá sì ní ìlànà ò gbà kẹ́ ẹ fún wọn, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sáìnì ẹ̀, kẹ́ ẹ ka ìwé náà sétígbọ̀ọ́ àgbà yẹn kó tó lanu sọ gbólóhùn kan.