Ewédú Lábẹ́ Korobá: Ọ̀sẹ̀ Kejì Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti kórè gbogbo tòmátì, elégédé mẹ́ta sì ti wọlé. Tẹ̀tẹ̀ ti gbó, mo ti gbọn irúgbìn rẹ̀ sínú àpò bébà. Ewédú nìkan ni a ṣì jọ ń fà á.

Kì í ṣe ewé ni mò ń wá níbẹ̀, nítorí a ti se ewé rẹ̀ láti oṣù Keje títí ó fi sú àwọn ọmọ. Irúgbìn tí n óò gbìn lọ́dún tí ń bọ̀ ni mo ń lé. Lọ́dún tí ó kọjá, ewédú mi ga dé èjìká láìyọ òdòdó kan ṣoṣo kí òtútù tó pa á. Mo kọ́kọ́ dá ẹni tí ó ta irúgbìn fún mi lẹ́bi, mo sì ṣe àṣìṣe, torí pé irúgbìn náà hù dáadáa lẹ́yìn tí mo rì í bọ omi gbígbóná fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá. (Ẹni tí ó bá gbìn ín láìfi omi gbígbóná jí i yóò pẹ́ kí ó tó rí ewé.) Ìmọ́lẹ̀ ni ó fa wàhálà náà. Ìgbà tí ọ̀sán bá kúrú ni ewédú máa ń yọ òdòdó. Ọ̀sán Ìbàdàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ jálẹ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ti Lọ́ńdọ́nù níbí ju wákàtí 16 lọ nínú oṣù Kẹfà, kì í sì í padà sí nǹkan bíi 12 títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òtútù ti dé tán.

Ìdí nìyí tí mo fi gé ìdí ewédú mẹ́rin kúrú, tí mo sì ń da korobá dúdú bò wọ́n láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ di aago méje àárọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ooru inú korobá mú kí ewé hu funfun. Mo lu ihò sí i kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ìmọ́lẹ̀ náà sì bá ihò wọlé. Bíríkì ni mo fi gbé etí korobá sókè níkẹyìn, mo sì fi aṣọ dúdú yí i ká. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ka òdòdó aláwọ̀ ìyeyè mọ́kànlá, èso méjì sì ti gùn tó ìka mi.

Mo ti ní i lọ́kàn láti hú méjì nínú wọn sínú ìkòkò kí n gbé wọn sí ojú fèrèsé ilé ìdáná, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ èyí ni mo rántí bí gbòǹgbò wọn ṣe wọlẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rá funfun ṣe àgọ́ lé wọn lórí dípò bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ ro etí ọgbà tí mo fi sílẹ̀ fún òdòdó igbó lọ́sẹ̀ yìí pẹ̀lú. Poppy ti gbẹ, orí rẹ̀ ń dún bí ṣẹ́rẹ́ bí a bá mì ín. Ṣùgbọ́n yarrow ṣì funfun báláú, oyin kún orí rẹ̀, díẹ̀ nínú wọn sì ń ti ibẹ̀ kọjá sórí ewédú. Ewédú lè so láìsí oyin, síbẹ̀ inú mi dùn sí i. Àdá di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ń lọ dé korobá.