Ẹ fi owó orí ilé jì wọ́n, ẹ má fi ti ilẹ̀ jì wọ́n

Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni pé kí n bá àwọn tó ń kọ́ fúláàtì ṣírò owó kí wọ́n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Iye tí wọ́n máa ra ilẹ̀, owó símẹ́ǹtì àti irin, èlé báńkì, àti owó orí ilé àti ilẹ̀ tí ìjọba ìlú yóò máa gbà lọ́dọọdún. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ni mo ti rí tó pa iṣẹ́ jù. Ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìlú, tó kàn sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí, owó orí tí kò tó nǹkan ló ń san. Ẹni tó kọ́ ilé alájà mẹ́fà sórí irú ilẹ̀ kan náà, tí ogójì ìdílé rí ibi sùn, òun ni wọ́n ń gbé ìwé owó gọbọi fún. Ẹni tó ṣe ohun tí ìlú ń fẹ́ ni ìyà wá ń jẹ.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá àwọn tó ní kí ìjọba má fi owó orí jin kọ́lékọ́lé kankan ṣe. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀. Bí ìròyìn bá jáde pé ilé tuntun kò ní san owó orí fún ọdún mẹ́wàá, onílẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́, ayálégbé ló máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Mo jókòó níbi ìdúnàádúrà kan tí onílẹ̀ ti fi owó lé owó. Ó ní, “Ṣebí ìjọba ti dín ìnáwó yín kù?” Inú bí ọ̀gá mi. Mo tún ìṣirò náà ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i pé bàbá yẹn mọ ohun tó ń sọ. Tá a bá fún un ní gbogbo owó orí tí wọ́n fi jì wá, iṣẹ́ náà ṣì máa mú èrè wọlé. Owó ilé fún ayálégbé kò ní fi kọ́bọ̀ kan dín.

Òfin tí ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ṣe ní 1995 ni mo fẹ́ràn jù nínú èyí tí mo ti kà. Owó orí ilé tí wọ́n kọ́ nìkan ni wọ́n fi jì wọ́n, owó orí ilẹ̀ ń lọ bó ṣe ń lọ. Fúláàtì inú ilé náà kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́rin, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní àdúgbò tí ìlú ti yàn fún un. Ọdún 8 ni wọ́n fi ń jì wọ́n. Ẹni tó bá ya ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀ fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀ máa gba ọdún 12. Èyí kò ní kí onílẹ̀ má fi owó lé owó o. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá wọ́n sí i, owó orí rẹ̀ náà á gòkè, ìlú á rí díẹ̀ gbà padà. Pittsburgh tiẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2001, owó orí ilẹ̀ ga ju ti ilé lọ níbẹ̀.

New York ni kí ẹ wò tí ẹ bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń wọ́. Òfin tí wọ́n ń pè ní 421-a, tó fi owó orí jin àwọn tó ń kọ́ fúláàtì tuntun, bẹ̀rẹ̀ ní 1971, nígbà tí èèyàn ń kó kúrò ní ìlú náà. Mi ò lè bá wọn wí. Àmọ́ ó wà níbẹ̀ títí tí One57 fi jẹ nínú rẹ̀, ilé gogoro tí wọ́n ta fúláàtì òkè rẹ̀ ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Wọ́n jẹ́ kí 421-a kú ní 2022. Wọ́n wá fi òfin 485-x rọ́pò rẹ̀ ní 2024, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ nínú rẹ̀, tí ilé rẹ̀ ní fúláàtì 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀, gbọ́dọ̀ san ó kéré tán dọ́là 40 fún òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ọ ní wákàtí kan. Kí ni àwọn kọ́lékọ́lé ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán ilé olófúláàtì 99 wá. Ẹ̀rín pa mí, torí bí wọ́n bá gbé e fún èmi náà, 99 ni mo máa kọ. Òfin tí wọ́n ṣe kí ilé lè pọ̀ ló wá sọ ibi tí ilé máa dúró.

Ní Philadelphia, ẹ̀hónú àwọn aráàlú ni pé ó lé ní ìdajì owó orí ilé tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, lábẹ́ òfin ìyọ̀ǹda tó wà nígbà náà, ilé tuntun kò sì san nǹkan kan lórí ilé fúnra rẹ̀ fún ọdún 10. Mo gbà pẹ̀lú wọn, pàápàá torí pé òfin náà kò béèrè iye fúláàtì: ẹni tó kọ́ ilé ìdílé kan ṣoṣo náà jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde pé ìyọ̀ǹda náà máa dín kù fún ilé gbígbé tó bá gba ìwé àṣẹ lẹ́yìn ìparí 2021, ńṣe ni wọ́n rọ́ lọ gba ìwé àṣẹ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé ọjọ́ ìparí ló ń ti èèyàn. New York ti ṣe é ní 1921: ilé gbígbé tuntun kò ní san owó orí títí di 1932, ọjọ́ kan náà fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó tètè kọ́ jẹ ọdún púpọ̀, ẹni tó lọ́ra jẹ díẹ̀. Bí irú èyí bá wà lórí tábìlì wa, kò sẹ́ni tí yóò ní kí n máa wo ojú onílẹ̀ fún ọdún méjì.