Ẹ̀kọ́ tí fóònù ẹ̀ka pàjáwìrì kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ẹ ó rí ẹni tó máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wá iṣan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀. Ti fóònù orí tábìlì ni èmi fẹ́ sọ, torí ilé ẹ̀kọ́ kì í dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ àkókò wa jù.

Nọ́ọ̀sì kan dúró nídìí oògùn, ó ń fa oògùn sínú síríńjì, ojú rẹ̀ wà lára ìlà. Fóònù dún. Kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún dún. Ó fi síríńjì sílẹ̀, ó lọ gbé e: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, bàbá wa tí wọ́n gbé wá lánàá ńkọ́?” Kó tó padà débẹ̀, ẹlòmíì ti gbé síríńjì tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó fi sílẹ̀, omi inú méjèèjì sì jọra. Ní ọdún 2010, Johanna Westbrook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn méjì ní Sydney, ní Australia, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì kiri bí wọ́n ṣe ń fún aláìsàn lóògùn. Wọ́n rí i pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, àṣìṣe máa ń fi nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 lé sí i.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé ká yọ wáyà fóònù dànù. Kò ṣeé ṣe. Láàbù lè máa pè láti sọ pé potassium (iyọ̀ kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀) aláìsàn kan ti di 7, èyí sì lè dá ọkàn dúró kí dókítà tó jẹun tán. Kí ẹ tó dín ìpè kù, ẹ mọ ẹni tó ń pè àti ohun tó ń wá.

Bébà kan àti bírò tí a fi okùn so mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóònù ni a fi bẹ̀rẹ̀. A pín bébà náà sí ẹbí, wọ́ọ̀dù, láàbù àti báńkì ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn mìíràn, ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè. Ẹni tó bá gbé fóònù á fa ìlà kan, á sì kọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan nípa ohun tí wọ́n bèèrè. Àwọn mìíràn máa ń gbàgbé, pàápàá lóru, ṣùgbọ́n èyí tí a rí kọ náà tó. Ọ̀dọ̀ ẹbí ló kún jù, wọ́ọ̀dù ló tẹ̀ lé e. Ti láàbù ò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà, àárín ariwo àwọn yòókù ló sì ń sọnù sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè náà ni ìdáhùn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa kí fóònù tó dún.

Ẹ wo ti ẹbí. Bàbá kan ṣoṣo ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ rẹ̀ kan pè láti Ìbàdàn, èkejì pè láti Èkó, àbúrò rẹ̀ pè láti abúlé, èyí tó wà ní London tún pè lóru. Ọ̀rọ̀ kan náà ni nọ́ọ̀sì ń tún sọ fún gbogbo wọn. Ẹ má bínú sí wọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló mọ̀ ọ́n. Nísinsìnyí, bí aláìsàn bá ti wọlé, ẹnì kan ni a máa ń ní kí wọ́n yàn. A ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ síwájú fáìlì, a ó sì sọ fún un lójúkojú pé: “Ẹ̀yin la ó máa bá sọ̀rọ̀. A ó pè yín láàárọ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gá bá ti yẹ̀ wọ́n wò, a ó tún pè nírọ̀lẹ́. Bí nǹkan bá yí padà kó tó dìgbà náà, ẹ ó gbọ́ látọ̀dọ̀ wa.” Kí ẹ wá pè o! Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ ṣèlérí ìrọ̀lẹ́ kí ẹ má pè, gbogbo ẹbí á tún dà bo fóònù, wọn ò sì ní gbà yín gbọ́ mọ́. Bí aláìsàn bá lè sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kó yan ẹni náà, pàápàá nílé olórogún. Ẹ má dá sí i. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, ti ọdún 2014, sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, a ò sì lè fi ohùn lásán mọ ẹni tó ń pè.

Ti wọ́ọ̀dù ò le. Wọ́n ń pè láti mọ ìgbà tí aláìsàn ń bọ̀, àwa náà ń pè láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. A fẹnu kò sí àkókò tí ẹnì kan á pè wọ́n yípo, ó tán.

Fún láàbù, báńkì ẹ̀jẹ̀ àti yàrá iṣẹ́ abẹ, a ra fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, a ò sì lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ògiri. Bó bá ti dún, gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó bá gbé e á kọ èsì sílẹ̀, á sì kà á padà fún ẹni tó pè: orúkọ, nọ́ńbà fáìlì, iye tí wọ́n rí. Ó lè dà bí àṣejù lójú yín, títí ọjọ́ tí Adébáyọ̀ méjì bá jọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má gbé fóònù orí tábìlì lé ẹni tó kéré jù lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi púpọ̀ nìyẹn. Kò mọ ìdáhùn. Á gbé fóònù, á sáré lọ bi ẹlòmíì, ìpè kan á sì dí èèyàn méjì lọ́wọ́. Ẹni tó mọ aláìsàn gbogbo ló yẹ kó dì í mú, kó má sì fún ẹnikẹ́ni lóògùn ní gbogbo àkókò tó bá fi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa náà ń dí ẹlòmíì lọ́wọ́. Kí ẹ tó pe ọ̀gá dókítà, ẹ kó ìbéèrè yín jọ, ẹ ṣí fáìlì sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. SBAR ni wọ́n ń pè é, láti inú Situation, Background, Assessment, Recommendation. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi ló ti ṣẹ̀ wá.

Ìpè kan kù tí a ò tíì rí ojútùú sí: ti àwọn ọ̀gá ńlá tó ń wá bẹ́ẹ̀dì fún èèyàn wọn. Bébà ò ká wọn lọ́wọ́ kò, wọ́n sì mọ nọ́ńbà tiwa gan-an. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé: “Ẹ ní kí wọ́n máa gbé wọn bọ̀, sà. Bí wọ́n bá ti dé, a ó yẹ̀ wọ́n wò, ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá le jù la ó sì kọ́kọ́ gbà.” Àwọn kan máa ń dúpẹ́. Àwọn mìíràn á já fóònù mọ́ mi létí, wọ́n á pe mátírọ́ọ̀nù.